Ṣé Ó Yí Padà Ni, Àbí Ọwọ́ Kàn Tẹ̀ Ẹ́?

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjòkòó, mo kí yín o, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ dúró sẹ́yìn nítorí pé àga ò kárí, ẹ pẹ̀lẹ́, mi ò ní pẹ́. Ẹni tó bá ti gbọ́ ọ̀rọ̀ mi rí ti ń rẹ́rìn-ín báyìí, ó mọ̀ pé mo máa pẹ́.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kí n wá sọ ni bóyá ẹ̀dá ìtàn inú fíìmù lè bọ́ lọ́wọ́ àná rẹ̀, kó di ẹlòmíì lóòótọ́. Mọ́kọ́lá ni màá ti bẹ̀rẹ̀, n'Ìbàdàn, nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tí àǹtí mi ti ń yá àwọn èèyàn ní kásẹ́ẹ̀tì fíìmù nígbà tí mo wà ní girama. Lọ́jọ́ Sátidé, èmi ni mo máa ń jókòó ti ìwé ńlá tí a fi ń kọ orúkọ ẹni tó gbé kásẹ́ẹ̀tì lọ àti ọjọ́ tó yẹ kó dá a padà. Oníbàárà wa kì í béèrè ẹni tó darí fíìmù. Ta ló wà nínú ẹ̀? Ṣé ó dùn? Ṣé apá kejì ẹ̀ ti dé? Ó tán. Àfi ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ lódìkejì ọ̀nà. Ìyá yẹn á wo fíìmù tán, á mú kásẹ́ẹ̀tì wá, á wá gbọ́wọ́ lé e lórí bí ẹni pé kò fẹ́ kí n gbà á, á ní: "Ọmọ mi, ọkùnrin tó sunkún níparí yẹn, ṣé ó yí padà ni, àbí ọwọ́ kàn tẹ̀ ẹ́?"

Mi ò mọ èsì nígbà náà. Mo máa ń sọ pé, "Mà, ẹ jẹ́ ká wo apá kejì." Òun á pòṣé, á lọ.

Ẹ jẹ́ ká wo bí fíìmù wa ṣe sábà máa ń parí. Ìkà á ṣe ìkà fún wákàtí kan àbọ̀. Ó gba ilẹ̀ onílẹ̀, ó fi ọmọ ọlọ́mọ ṣoògùn owó, ó lé ìyàwó ilé jáde lóru. Nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú márùn-ún, nǹkan á dé bá a: àìsàn tí dókítà ò mọ̀ nídìí, wèrè, àrá, tàbí kó ṣàdédé máa kà láàárín ọjà. Ó kúnlẹ̀, ó ń jẹ́wọ́, omi ń dà lójú ẹ̀. Àwọn tó yí i ká ń mi orí. Orin wọlé. Wọ́n kọ ọ́ sójú tẹlifíṣọ̀n pé ti Ọlọ́run ni ògo. Àwa náà á dìde, a ò bi ara wa pé bí àìsàn yẹn bá san lọ́la, ṣé ọkùnrin yẹn ò ní padà sídìí iṣẹ́ ẹ̀.

Àwọn olùdarí kan wà tí wọn kì í tan wá bẹ́ẹ̀. Nínú Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ tí Túndé Kèlání ṣe ní 1993, Kareem Adépọ̀jù, Bàbá Wándé wa, ni Aṣíyanbí, ìjòyè tó bá àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ lẹ̀dí àpò pọ̀ ta ilẹ̀ tí kò ṣeé tà, kí wọ́n lè fi kọ́ ilé epo. Nígbà tí ikú bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn tí wọ́n jọ dá ọ̀ràn náà, ẹ wo bí Aṣíyanbí ṣe ń sá sókè sá sódò. A rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn wá. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí ohun tó ń wá kiri: ọ̀nà tí òun fi máa yè. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tó tà ò sí lọ́kàn ẹ̀ rárá. Kèlání mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì díbọ́n fún wa pé ẹ̀rù ti sọ ọkùnrin yẹn di ẹni rere. Ẹ̀rù ló ń bà á, ó parí.

Ti Lápìtẹ́ nínú Saworoidẹ tún wá jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ. Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló kọ ọ́, Kèlání ló tún darí ẹ̀, 1999 ló jáde. Ẹ rántí àdéhùn ìlú Jogbo: ẹni tó bá fẹ́ jọba gbọ́dọ̀ gba gbẹ́rẹ́. Ọba tó bá dé adé idẹ láìṣe bẹ́ẹ̀, lọ́jọ́ tí wọ́n bá lu saworoidẹ, orí fífọ́ ni yóò pa á. Lápìtẹ́ kọ̀, kò gba gbẹ́rẹ́. Ẹ má fojú kékeré wo kíkọ̀ yẹn o. Ẹni tí kò ní in lọ́kàn láti kówó ìlú kò ní tìtorí májẹ̀mú máa gbọ̀n. Lápìtẹ́ ti mọ irú ẹni tí òun fẹ́ dà, ó sì ti ń pa àyè mọ́ fún ẹni yẹn. Àwọn ẹ̀dá ìtàn yòókù ń sá fún àná. Òun ń tẹ́ní sílẹ̀ de ìkà tó ṣì ń bọ̀ lọ́nà. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀, Agogo Èèwọ̀ gbé wa padà sí Jogbo: ọba yí, ọwọ́ tó ń bọ àpò ìlú ò yí.

Ẹnìkan níbí á ti máa sọ nínú ara ẹ̀ pé kí ni mo ń da ara mi láàmú sí, ṣebí àyànmọ́ ò gbóògùn. Òótọ́ ni, ọ̀rọ̀ yẹn ti wà lẹ́nu sinimá wa tipẹ́. Adé Love pe tirẹ̀ ní Kádàrá ní 1980, Hubert Ògúńdé pe tirẹ̀ ní Àyànmọ́ ní 1988. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká lọ bá Ifá, tó ni ọ̀rọ̀ náà. Ẹ ti gbọ́ ìtàn àwọn mẹ́ta tó lọ yan orí nílé Àjàlá tó ń mọ orí. Oríṣeékú ọmọ Ògún àti Orílèémèrè ọmọ Ìja kánjú, wọ́n gbé orí tí kò jinná, òjò pa á lọ́nà, ó ń yìnrìn. Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà ní tirẹ̀ fara balẹ̀, ó rúbọ kó tó gbéra. Lójú ọ̀nà, ó bá ẹni tó ń fi eérú sọ́bẹ̀, ó fún un ní iyọ̀. Àánú iyọ̀ yẹn wà lára ohun tó gbè é tó fi rí orí gidi yàn. Ẹ wò ó dáadáa: Afùwàpẹ́ ò tíì yan orí tó ti ń hùwà. Ìwà ló ṣíwájú. Ohun tí a ń gbọ́ pé orí ń pín fúnni ni owó, ọmọ, àlàáfíà, iye ọjọ́ ayé. Èmi ò tíì gbọ́ ibi tí àgbà kan ti sọ pé orí lágbájá ló ní kó máa purọ́. Wọ́n ní ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Nítorí náà, òǹkọ̀wé tó bá ní kádàrá ni kò jẹ́ kí ẹ̀dá ìtàn òun yí padà, iṣẹ́ ló sú u.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí àwọn tó gbìyànjú. Nígbà ayé kásẹ́ẹ̀tì, Tádé Ògìdán ṣe Owo Blow. Fẹ́mi Adébáyọ̀ ló ṣe akọni eré náà nígbà èwe, Táíwò Hassan, Ògógó, ló ṣe é nígbà tó di géńdé. Ojú méjì, orúkọ kan. Mo rò pé àwọn oníbàárà wa máa ṣàròyé, nítorí pé àwọn méjèèjì ò jọra. Kò sẹ́ni tó ṣàròyé. Ọ̀gbẹ́ni kan ní, "Òun náà ni jàre, ìyà ló sọ ojú ẹ̀ dà bẹ́ẹ̀ yẹn." Mi ò tíì rí ọ̀jọ̀gbọ́n kankan tó sọ ohun tí ìgbésí ayé ń fi èèyàn ṣe tó dùn létí mi jùyẹn lọ.

Kẹ́mi Adétìbá lo irú ọgbọ́n yẹn nínú King of Boys ní 2018. Ṣọlá Ṣóbọ̀wálé ni Eniọlá Sàlámì, ìyá olówó tí àwọn ọmọ ìta ń pè ní ọba. Toni Tones ni Eniọlá nígbà tó wà ní ọmọge. Nígbà tí apá kejì wá dé sórí Netflix ní 2021, Adétìbá gbé ọgbọ́n náà síwájú sí i: ó mú ọmọge yẹn wá jókòó ti ìyá. Eniọlá méjì nínú yàrá kan, wọ́n ń bá ara wọn fa ọ̀rọ̀. Ìyá ti kúrò nílùú fún ọdún márùn-ún, ó ti padà dé, ó fẹ́ ṣe gómìnà Èkó. Ohun tó ń fi ìbọn gbà tẹ́lẹ̀, ó fẹ́ fi ìbò gbà á báyìí. Ọmọge yẹn á wá dúró ní kọ̀rọ̀, á máa fi í rẹ́rìn-ín, bí ẹni ń bi í pé ta lo fẹ́ fi èyí tàn jẹ.

(Ẹ má rò pé inú fíìmù nìkan ni irú èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 2015, olóògbé Muhammadu Buhari dúró ní Chatham House ní Lọ́ńdọ̀nù, ó pe ara ẹ̀ ní ológun àtijọ́ tó ti gba ìjọba tiwa-n-tiwa gbọ́. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, gbogbo Nàìjíríà di òǹwòran, a fi ìbò sọ bóyá a gba ẹ̀dá ìtàn náà gbọ́. Èsì ẹ wà lọ́wọ́ yín, mi ò ní bá yín jà sí i.)

Àwọn èèyàn yin ọgbọ́n Eniọlá méjì yẹn gan-an, èmi náà yìn ín. Síbẹ̀ mo ní ẹjọ́ kan bá a rò. Bó bá jẹ́ pé ohùn inú orí ni àná, a lè jókòó sílé wa ká bá a jà, ká sì borí ẹ̀. Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ ò ní gbà bẹ́ẹ̀. Nínú fíìmù yẹn, ẹni tó ń dẹ́rù bà mí ni Makanaki, tí Reminisce, olórin ràápù yẹn, ṣe. Wọ́n ti ka ọ̀gbẹ́ni yìí mọ́ òkú, òun ló padà dé yẹn. Makanaki kì í ṣe ẹni rere o, ó da Eniọlá tó jẹ́ ọ̀gá ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fi ara yín sípò ẹ̀. Eniọlá lè gbààwẹ̀, ó lè yí aṣọ, ó lè yí ohùn, ó lè gun pèpéle kó máa ṣèlérí omi àti iná. Kí ló kan Makanaki níbẹ̀? Egbò tirẹ̀ ò tíì jinná. Ẹni tó yàgbẹ́ lè gbàgbé, ẹni tó kó o kò ní gbàgbé. Ẹ dákun, ẹ forí jì mí pé mo pa òwe yìí níwájú oúnjẹ, mi ò rí òmíràn tó mọ ọ̀ràn yìí tó o. Ọ̀dọ̀ àwọn tí a ṣẹ̀ ni àná wa ń gbé. Ibẹ̀ ló ń sùn, ibẹ̀ ló ń jí, kò sì bi wá bóyá a ti tún ara wa ṣe kó tó kanlẹ̀kùn.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ka ẹkún sí. Ẹkún ọ̀rọ̀ àárín èèyàn àti ara ẹ̀ ni.

Nínú Gangs of Lagos tí Jádé Ọ̀ṣíbẹ́rù ṣe ní 2023, àdúgbò odidi ni àná. Ọbalọlá fẹ́ jáde kúrò nínú ayé jàgídíjàgan, ọ̀rẹ́ ẹ̀ Ify náà fẹ́ di olórin. Ìsàlẹ̀ Èkó ò jẹ́. Ẹni tó tọ́ ọ, ẹni tó bọ́ ọ, ẹni tó kọ́ ẹ níṣẹ́ ìkà, gbogbo wọn ló wà ní òpópónà kan náà, o ò lè fi ọ̀kan sílẹ̀ kí o mú èkejì. Wọ́n pa Ify. Láti ibẹ̀ lọ, mo mọ̀ pé Ọbalọlá ò lọ síbì kankan mọ́. Mi ò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ lórí fíìmù yẹn, nítorí àwọn ará Ìsàlẹ̀ Èkó tó wà níjòkòó, mo mọ̀ pé bí wọ́n ṣe fi Ẹ̀yọ̀ hàn bí ọ̀daràn nínú ẹ̀ ṣì ń bí wọn nínú.

Ó wá ku àwọn tí wọ́n ní ìyípadà rọrùn. Láti ìgbà tí Mike Bámilóyè ti dá Mount Zion sílẹ̀ ní 1985, fíìmù oníhìnrere ti fún wa ní ẹ̀dá ìtàn tó ń yí padà ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Mi ò ní fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn ló gbà gbọ́ pé kò sí ẹni tó burú kọjá àtúnṣe, ìgbàgbọ́ ńlá sì ni, pàápàá níbi tí a ti ń sọ pé ẹkùn kì í pààrọ̀ àwọ̀. Ohun tó ń dùn mí níbẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n ó ń dùn mí. Nínú ọ̀pọ̀ irú fíìmù bẹ́ẹ̀, wọ́n sun oògùn, wọ́n kọrin, ọkùnrin náà wọ aṣọ funfun, ó di ajíhìnrere. Obìnrin tó fọ́ lójú ńkọ́? Ọmọ tó sọ di aláìníbaba ńkọ́? Kámẹ́rà ti kúrò lọ́dọ̀ wọn tipẹ́. Wọ́n ti dárí jì í lókè, kò sẹ́ni tó lọ béèrè nísàlẹ̀. Bíbélì kan náà tí wọ́n ń wàásù ẹ̀ sì ní Sákéù nínú, ọkùnrin tó sọ pé òun máa san án padà ní ìlọ́po mẹ́rin.

Ọjà náà tún wà ńbẹ̀, ẹ má jẹ́ ká gbàgbé ọjà. Mo jókòó ti káńtà, mo mọ̀ ọ́n. Bí ìkà bá yí padà pátápátá ní apá kìíní, kí ni oníṣòwò máa tà ní apá kejì? Kásẹ́ẹ̀tì ló kọ́kọ́ kọ́ wa pé kí ìkà kan má ṣe yí padà tán, kó yí díẹ̀, kó tún padà sẹ́yìn. Àwọn tó ń gbé fíìmù sórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí ò kúrò nídìí àṣà yẹn. Òkú tí òǹwòran bá ti fẹ́ràn ò lè kú, ìkà tí òǹwòran bá ti fẹ́ràn ò lè ronúpìwàdà. Ó tiẹ̀ ń bá òṣèré fúnra ẹ̀ délé. Ọjọ́ Arówóṣafẹ́ ṣe adáhunṣe burúkú nínú Àrélù, títí tó fi dolóògbé ní 2023, Fádèyí Olóró ni gbogbo ayé ń pè é. Kò ṣe nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni o. Eré ló ṣe.

Ẹni tí mo pa mọ́ de ìparí ni Sàró. Aníkúlápó, Kúnlé Afọláyan, 2022. Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ẹ ti mọ̀ ọ́n. Ọ̀dọ́mọkùnrin ahunṣọ, àjèjì ní Ọ̀yọ́, obìnrin ló gbé e ró, obìnrin ló kó bá a: Awarun ọlọ́rọ̀, lẹ́yìn náà Arólákẹ́, olorì ọba. Wọ́n lù ú pa. Ẹyẹ àkàlà wá jí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká dúró síbẹ̀ yẹn. Bí a bá ń wá ẹ̀dá ìtàn tó bọ́ lọ́wọ́ àná, ta ló tún bọ́ ju òkú tó jí lọ? Gbèsè ti tán, ìlú míì ló wà, orúkọ tuntun ló ní, ó ní agbára tí ọba ò ní. Kí ló fi ṣe? Ìgbéraga àti obìnrin, ohun tó ń ṣe kó tó kú. Ó ń jí òkú, ó ń gbowó, ó ń kó ìyàwó jọ lé Arólákẹ́ lórí, ó wá dórí pé ó ní ọmọ ọba ni wọ́n máa fi san owó iṣẹ́ òun. Àkàlà dá èémí padà fún un. Ìwà ò sí nínú àdó tó fi ń jí òkú.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Àfi bí eléyìí tó jẹ́ eré àtìgbàdégbà ṣe dé ní 2024, tí wọ́n ní Sàró ò rí ọ̀run wọ̀, wọ́n dá a padà sáyé pé kó lọ kó àwọn ọkàn tó jí dìde padà. Ọjà ló fà á, mo mọ̀, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìgbà míì ọjà a máa ṣèèṣì gbọ́n. Fún ìgbà àkọ́kọ́, wọn ò ní kí Sàró sunkún, iṣẹ́ ni wọ́n bẹ̀ ẹ́. Iṣẹ́ tó wúwo sì ni: àwọn tó jí yẹn ní ìyá, wọ́n ní ọkọ, wọ́n ní ọmọ tó ń dúró dè wọ́n nílé. Bí ó bá tún àṣìṣe ẹ̀ ṣe, ilé onílé á tún dà rú. Mo ti wo ọ̀pọ̀ fíìmù nípa ìrònúpìwàdà, ti ilẹ̀ yìí àti ti òkè òkun, díẹ̀ ló fi ẹ̀dá ìtàn sínú irú àjàgà bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Arólákẹ́ sì ń dùn mí. Gbogbo ènìyàn ń sọ Sàró, Sàró. Obìnrin yẹn ló wà láàfin tí kò sẹ́ni tó rí i rò, òun ló sá, òun ló gbé òkú ọkùnrin sọ́kàn, òun ló fojú rí ìyà orogún. Nígbà tí ọ̀ràn sì dé góńgó, ó dìde, ó lọ. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe yí padà, kò sunkún kà sí ẹnikẹ́ni létí, bóyá ìdí nìyẹn tí a ò fi rí i.

Ẹ ti ń wo aago, mo rí yín. Ẹ jẹ́ kí n sọ fíìmù tí èmi á ṣe bí ẹ bá fún mi lówó, kí n jókòó.

Agbèrò kan wà ní gáréèjì. Ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, ó fẹsẹ̀ da igbá ìyá kan tó ń ta ẹyin sísè nù nítorí owó ìta. Ó ti kúrò nídìí iṣẹ́ yẹn báyìí, ó ń wa mọ́tò, ó níyàwó, ó ń lọ sí mọ́sáláṣí. Ní ọjọ́ kan, ó bọ́ sílẹ̀, ó wá ìyá náà lọ. Màmá ò dá a mọ̀. Ó ní láti sọ ohun tó ṣe, níwájú àwọn oníbàárà, pẹ̀lú ẹnu ara ẹ̀. Kò sí orin. Màmá ò sunkún, kò gbá a mọ́ra, kò sì ṣépè. Ó béèrè pé, "Ẹyin mélòó lo rò pé ó wà nínú igbá yẹn?" Ọkùnrin náà ò mọ̀. Ìyá mọ̀. Ó sọ iye ẹyin, ó sọ iye tí wọ́n ń ta ọ̀kọ̀ọ̀kan lóde òní. Ọkùnrin yọ owó, ó kà á lé e lọ́wọ́. Màmá tún un kà, ó fi itọ́ sọ́wọ́, ó kà á lẹ́ẹ̀kejì, ó gbójú sókè.

Ó ní, "Ó ku igba náírà."

Ibẹ̀ ni màá ti pa kámẹ́rà. Ẹ ṣeun o. Ta ló ní ìbéèrè?